Àjọkẹ́, Kọ Ohun Tó O Rí sí Gẹ̀ẹ́sì Àná

Ilé wa ní Joju,
Sango-Ọ̀tà.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láàárọ̀.

Àjọkẹ́ mi, ọmọ Fọláṣadé, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi yìí pọ̀n títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi ń gbálẹ̀,

Ṣé o ti jẹun? Jẹun ná kó o tó ka èyí tó kù. Mo mọ̀ ẹ́. Tí inú ẹ bá ti bàjẹ́ báyìí, o kì í fẹnu kan oúnjẹ. Lọ jẹun kó o padà wá. Lẹ́tà ò ní sá lọ.

Ìyá ẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Ó ní ká kúkú fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹ lórí fóònù, mo ní rárá. Ohùn orí fóònù, ẹ̀ẹ̀kan lo máa gbọ́ ọ, wàá sì gbé orin lé e. Ìwé ni mo fẹ́, kó o lè máa gbé e wò. Ó máa ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ kó lè tètè débẹ̀, ìwé gan-an á tẹ̀ lé e. Níbi tó o bá ti rí Gẹ̀ẹ́sì, òun ló ń bá mi to lẹ́tà ẹ̀, àmọ́ orí tèmi lọ̀rọ̀ náà ti jáde. Má jẹ̀ẹ́ kó sọ fún ẹ pé òun lòun kọ́ mi o. Ó ń rẹ́rìn-ín. Rẹ́rìn-ín lọ, Fọláṣadé, ṣáà kọ ohun tí mo sọ.

Láti ọjọ́ Àìkú tó o ti pè mí, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Jẹ́ n sọ ọ́ padà fún ẹ, kó o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ẹ yé.

Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì tó o wà n'Igbesa fi ẹ́ ṣe súpáfáísọ̀ lóṣù tó kọjá. A dúpẹ́, a yọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ súpáfáísọ̀ ní ìwé kíkọ nínú. Tí ṣíìfù ẹ bá fẹ́ parí, o gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ńlá kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ lè kà á. Èyí àkọ́kọ́ tó o kọ, mánéjà yín kà á sókè létí gbogbo èèyàn: "Yesterday the machine stop, I call engineer and he come." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń pè ẹ́ ní Madam He Come. Tó o bá ti ń kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń di páálí, ọ̀kan nínú wọn á ní, "Una stand up o, Madam He Come don come!"

Ìyẹn dùn ẹ́, ó yé mi. Àmọ́ tọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ń kó mi lẹ́rù. Bísíkíìtì odidi àárọ̀ kan jóná di èédú nínú ófùn ńlá yín. Wọ́n ní Rísí, ọmọbìnrin tó ń ṣe káṣúà, iṣẹ́ olówó ojúmọ́, lábẹ́ ẹ, ló fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń fi kún iná. Ìwọ sì wà níbẹ̀. O fojú ara ẹ rí i pé ẹnjiníà ló fọwọ́ ara ẹ̀ yí iná náà sókè, tó jáde, tí ò padà. Rísí ò sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Jímọ̀ yìí ni wọ́n máa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n sì ti ní kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ kọ ohun tó rí ní Gẹ̀ẹ́sì, kó fọwọ́ sí i. Tí kò bá sí ẹni tó sọ nǹkan mìíràn, Rísí ti lọ nìyẹn.

O wá sọ fún mi pé o máa kọ ọ́ pé o ò rí nǹkan kan. Mo ní kí ló dé? O ní, "Màmá àgbà, tí mo bá tún kọ ìkọkúkọ, wọ́n á tún kà á sókè. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè kọ tí ò ní ní àṣìṣe ni 'I did not see anything.'"

Ọmọ mi, Gẹ̀ẹ́sì yẹn dára. Kò lábùkù kankan. Irọ́ ni, ìyẹn nìkan ló ṣe é.

Fìdí mọ́lẹ̀ kó o gbọ́ tèmi. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí nínú ilé yìí. Ìyá ẹ pàápàá, bó ṣe ń kọ ọ́ yìí ló ń gbọ́ ọ.

Kí n tó bí ìyá ẹ, mo ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ike kan níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ayétòrò dé ni, mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín A àti igi ìdáná. Abọ́ ike la máa ń ṣe. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Bíntù, ọmọ Àtàn, la jọ ń dúró sídìí ẹ̀rọ kan náà, inú abọ́ kan náà la sì ti ń jẹun. Òyìnbó ni ọ̀gá wa. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ń dún bí òjò orí páànù. Àwa tá ò gbọ́, ọgbọ́n kan la ń dá: ohunkóhun tó bá bi wá, a ó kúnlẹ̀, a ó ní "Yes sà." Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ṣé àgbà á máa bá ẹ sọ̀rọ̀, kó o wá máa wò ó bí ẹja gbígbẹ? Wàá dáhùn ni. "Yes sà" ni ìdáhùn ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́ kan, òjò wọnú yàrá tí wọ́n ń kó àpò kóró ike sí. Ẹnì kan ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀. Kóró ike tó bá ti mu omi, abọ́ tó bá ti ara ẹ̀ jáde á yọ ihò wẹ́wẹ́ bí inú àkàrà. Abọ́ ọjọ́ yẹn bàjẹ́ tán pátá. Wọ́n ní Bíntù ló ṣílẹ̀kùn. Bíntù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi látàárọ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kúrò lójú kan! Ọ̀gá pè mí. Ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, ó nawọ́ sí Bíntù, ó nawọ́ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Yes sà."

Mo wojú Bíntù, mo rí i pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tá a jáde, akọ̀wé kan tó gbọ́ Yorùbá sún mọ́ mi, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o burú o. Ọ̀gá bi ẹ́ pé ṣé o rí ọ̀rẹ́ ẹ nígbà tó ń ṣílẹ̀kùn, o ní bẹ́ẹ̀ ni."

Àjọkẹ́, ibí ni kó o ti fetí sílẹ̀. Akọ̀wé yẹn ṣì wà níwájú mi. Ọ̀gá ṣì wà nínú ọ́fíìsì. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ, ní Yorùbá tí ìyá mi fi tọ́ mi, pé, "Mi ò gbọ́ ohun tó bi mí." Mi ò sọ ọ́. Ojú ń tì mí. Mo rò ó pé tí mo bá sọ ọ́, gbogbo wọn á mọ̀ pé gbogbo "Yes sà" tí mo ti ń ṣe, òfìfo ni. Mo ní lọ́kàn ara mi pé màá sọ fún un lọ́la. Kí wọ́n tó jẹ́ ká lọ sílé lọ́jọ́ náà, wọ́n ti lé Bíntù. Ní géètì, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé o rí mi lóòótọ́?" Mo dorí kodò.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, mo bá a pàdé lọ́jà Àtàn, ó ń ta irúgbìn ẹ̀fọ́ tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Dìde jàre, ìró ẹ ń rẹ. Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé o ò gbọ́ ohun tó wí. Ta ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wa? Èyí tó dùn mí ni pé nígbà tó o wá gbọ́ ọ tán, o dákẹ́." Ló bá kọjú sí oníbàárà ẹ̀.

Ìyá ẹ ti dáwọ́ ìwé dúró, ó ń wò mí. Máa kọ, Fọláṣadé. Ó ti pẹ́.

Ohun tó gbé mi dé ìdí fèrèsé ilé ìwé nìyẹn. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀pà àti bọ́ǹsì títà ni mo fi tọ́ ìyá ẹ, lábẹ́ igi fúrúùtù ilé ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíláàsì kẹrin. Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ ni pé èmi ni mo mú ibẹ̀. Ìyá oníyẹ̀fun kan ní kí n wá sí ẹnu géètì, ọjà á yá níbẹ̀, mo kọ̀. Tíṣà kan wà tó ń kọ́ wọn ní tẹ́ǹsì. Ọdọọdún ló ń kọ́ ọ, ọdọọdún ni mo ń gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ń gòkè lọ sí kíláàsì karùn-ún, èmi nìkan ni mi ò gòkè rí. Ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí létí. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kó o lò kí Jímọ̀ tó dé.

Èkíní, Gẹ̀ẹ́sì àná. Ní èdè tiwa, ọ̀rọ̀ kì í pààrọ̀ aṣọ. Mo pè é lánàá. Mo máa pè é lọ́la. "Pè" náà ni "pè." Tí o bá ti gbọ́ "lánàá," ọ̀rọ̀ ti tán. Ìdí nìyẹn tó o fi kọ "Yesterday I call." O rò pé "yesterday" ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Kì í ṣe òmùgọ̀ lo yà, Yorùbá lo fi ronú, ohun tí ìyá ẹ fún ẹ mu sì ni. Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Tí ọjọ́ bá ti yí, òun náà á pààrọ̀ aṣọ. Ohun tó bá ti kọjá, fi "ed" sí i nídìí: call, called, turn, turned, stop, stopped. Ìyá ẹ ní p ti stopped á di méjì. Mi ò mọ ìyẹn, etí ni mo fi kọ́ tèmi.

Àwọn olórí kunkun kan wà tí kì í gba ìrù. Inú wọn ló ń yí. Come, came. See, saw. Go, went. Má béèrè ìdí ẹ̀, kò ní ìdí. Bí ìyàwó tuntun ṣe ń há orúkọ gbogbo ará ilé ọkọ sórí, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kó o há wọn. Nígbà tó o bá ń ro àmàlà, há wọn. Lẹ́yìn ọ̀kadà tó ń gbé ẹ lọ sí Igbesa, há wọn. Wọ́n ò pọ̀ tó bó o ṣe ń bẹ̀rù wọn.

Tí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Tí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Wọ́n ti fi ẹ́ ṣe àgbà níbi iṣẹ́, Àjọkẹ́. Ẹ̀yìn ni kó o wò kó o sọ ohun tó o rí níbẹ̀: "I stood near the oven. I saw the engineer. He turned up the heat. He went out. He did not come back." Ṣé o rí i? Kò gùn. Òtítọ́ kì í nílò Gẹ̀ẹ́sì ńlá.

Èkejì, ọ̀rọ̀ "did." Ibí ni àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ti máa ń gba pàṣán jù. Tí "did" bá ti jáde síta, òun ló ru àná. Tí àgbà bá ti gbé ẹrù, ṣé a tún máa dì í lé ọmọdé lórí? "Risi did not touch it." Kì í ṣe "did not touched." "He did not come back." Kì í ṣe "did not came." Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn "did" á bọ́ aṣọ àná sílẹ̀, á dúró bí wọ́n ṣe bí i. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan gun orí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá ẹ, ó ń jẹ́rìí, ó ní, "God did not failed me." Mo sọ "fail" wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá ẹ fi ìgúnpá gún mi níhà. Bó ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́.

Ohun tí mo sì mọ̀ lónìí ni pé "did" ni ọ̀gá mi fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹnì kan bá fi "did you" bẹ̀rẹ̀, àná ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló sì ń dúró dè. Má yára. Tí o ò bá gbọ́ ọ, ní kó tún un sọ. Kò sí ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Èmi ni mo sọ fún ẹ.

Ẹ̀kẹta ni ti ojoojúmọ́, ohun téèyàn máa ń ṣe tó ti di ìṣe ẹ̀. "I work. They work." Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí kì í ṣe èmi, tí kì í ṣe ìwọ, fi s sí i nídìí: "Risi works." Tó bá wá jẹ́ pé kì í ṣe é, "does" á gbé s náà rù, bí "did" ṣe gbé àná. Èyí wúlò fún ẹ gan-an. Kọ ọ́ pé: "Risi packs biscuits. She does not work near the oven." Kí wọ́n mọ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ náà máa ń wà lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra níbí. Má fi Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ sọ ti ẹnjiníà. Tó o bá kọ "The engineer turns up the heat and goes out," o ti sọ pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé ìwà ẹ̀ ni. Ṣé ìwà ẹ̀ ni? O ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lo rí i. Òun náà lọ́mọ nílé. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Èèyàn lè gba Rísí sílẹ̀ láì ti ẹlòmíràn sínú kànga.

Ẹ̀kẹrin, "will." Tọ̀la nìyẹn. Kò ṣòro: "will" á wà níwájú, ọ̀rọ̀ á wà bó ṣe wà. "I will come. She will come." Kò gba ed, kò gba s. Ó rọrùn láti sọ, ìdí nìyẹn táwa èèyàn fi fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Màá sọ ọ́ lọ́la. Màá bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ìwọ náà sọ ọ́ lórí fóònù, o ní, "Màmá, tí Gẹ̀ẹ́sì mi bá ti já gaara, mi ò ní máa dákẹ́ mọ́." Àjọkẹ́! Rísí ò ní sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ẹ bá já gaara.

Mi ò fi nọ́ńbà sí ìyókù, ó ti rẹ ọwọ́ ìyá ẹ.

Lórí yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ́ ṣe: má bá wọn jà. Tí ẹnì kan bá tún ní Madam He Come, rẹ́rìn-ín, kó o ní, "He came o, and he met me at work." Inú ẹ̀rín ni wọ́n á ti mọ̀ pé o ti kọ́ ọ. Orúkọ yẹ̀yẹ́ tí ò bá rí ìbínú jẹ, ebi ló ń pa á kú.

Lórí ìwé náà: òní ni kó o kọ ọ́, má dúró de Ọjọ́bọ̀. Kọ ọ́ ní gbólóhùn kéékèèké. Kà á sókè sí ara ẹ létí. Lẹ́yìn náà, fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ, á bá ẹ wo ìrù àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ìrù nìkan ni kó wò o, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tó o rí. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá sì já mọ́ ẹ lẹ́nu níwájú wọn ní Jímọ̀, sọ ìyókù ní Yorùbá. Ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀ ò ní wọ́n nínú gbogbo èrò tó kún ilé iṣẹ́ yẹn. Gẹ̀ẹ́sì tó fọ́ tó jẹ́ òtítọ́, èèyàn lè bá ẹ tún un ṣe. Irọ́ tó dán, ta ló fẹ́ tún un ṣe?

Mi ò ní tàn ẹ́. Wọ́n lè gba ipò yẹn lọ́wọ́ ẹ. Ẹnjiníà lè má kí ẹ mọ́. Mánéjà lè kà á sókè, kí wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, máa bọ̀ nílé. Yàrá ẹ ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, àdúgbò yìí ò sì tíì gbàgbé orúkọ tí a sọ ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó o gbé ohun tí mo gbé. Kò wúwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ojoojúmọ́ ló ń fi kún ara ẹ̀, tó o bá sì ti wá mọ gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tán, kò sí ẹni tó máa bi ẹ́ mọ́.

Ọmọ tí mo pọ̀n, ahọ́n ẹ ò ní kú sí ẹ lẹ́nu níbi tí ẹlòmíràn ti ń wo ẹnu ẹ. Ojú tó rí i ò ní fọ́, ọwọ́ tó fẹ́ kọ ọ́ ò ní gbọ̀n. Àwọn tó fi ẹ́ rẹ́rìn-ín á wá bẹ̀ ẹ́ kó o bá wọn kọ tiwọn.

Má dá lẹ́tà yìí lóhùn. Àwọn tó ń jókòó ní Jímọ̀ ni kó o dá lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá ìyá ẹ.